Wọn Kò Jẹ́ Kí N Dìde

Ilé Adéyẹyè,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ìgbàrà-Odò Èkìtì.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ìyá Ayọ̀mídé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín n'Ìbàdàn? Ṣé àlàáfíà ni Bàbá Ayọ̀mídé wà? Ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ìyàwó tuntun ńkọ́? Mo kí gbogbo yín o. Ní tèmi, n kò ní purọ́ fún ọ pé dáadáa ni mo wà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni mo ń kọ̀wé sí, mo lè ní a dúpẹ́. Ìwọ kọ́ ni n ó máa tàn.

Eékún ọ̀tún yìí àti ìgbáròkó rẹ̀ ni. O rántí pé làkúrègbé ni gbogbo wa ń pè é, tí mo ń fi àdí pa á, tí mo ń fi aṣọ gbígbóná dì í. Nígbà tí mo wá ya fọ́tò ẹsẹ̀, dókítà ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ti ń jẹ. Bí mo ṣe gbọ́ pé ó ti ń jẹ báyìí, àyà mi já. Mo ní ó dára, èyí tó kù, n kò ní lò ó mọ́, kó má baà tán. Ni mo bá jókòó. Èmi olùkọ́ tí mo fi gbogbo ayé mi dúró níwájú bọ́ọ̀dù, mo jókòó bí àpò gàrí.

Dókítà yìí kan náà ló rán mi lọ sí ọsibítù kan n'Ìkẹ́rẹ́, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹniolúwa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn tí oríkèé ń dùn ní eré ìdárayá. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ni n ó gbà. Kò sí abẹ́rẹ́ o. Ó kó àwa oní-eékún jọ sínú yàrá kan, ó ń kọ́ wa bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó ní eékún kì í ṣe bàtà tó ń jẹ nítorí pé a ń wọ̀ ọ́; ó ní rírìn gan-an ló ń bọ́ oríkèé, àti pé ìjókòó ti sọ iṣan itan mi di ọ̀lẹ, kò lè gbé eékún ró mọ́. Bó bá dùn mí díẹ̀, kí n dín in kù, kí n má dá a dúró. Kí n máa dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í, kí n rọra jókòó, kí n tún dìde. Kí n máa rìn dé ẹnu títì kí n sì padà. Mo ṣe é, ara sì ń yá. Mo tiẹ̀ ń kọrin.

Ta ló jẹ́ kó pẹ́? Níwájú ilé ni mo ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà. Ọmọ àdúgbò á wá kúnlẹ̀ kí mi, yóò bọ́ sí àkókò tí mo ń dìde. Ẹ̀rù á bà á. Àgbàlagbà ń dìde fún ọmọdé! Ọ̀kan sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní òun ò mọ ohun tí òun fi ṣẹ Màmá Adéyẹyè. Èyí á sún àga tọ̀ mí, tọ̀hún á dì mí léjìká mú pé kí n jókòó, kí n má ṣe wàhálà. Nígbà náà mo rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Orí Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó ọmọ mi, ni ọ̀rọ̀ náà wá já sí. Ọmọ dáadáa ni, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tí Láńre ti wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó. Bí mo bá ti rìn dé títì, àwọn obìnrin àdúgbò á dúró: "Kò s'ọmọ n'úlé yìí ni, tí ìyá fi ń rìn kiri?" Wọ́n ní ó ń fi ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ẹrú. Ó bú sẹ́kún níwájú mi, ó bẹ̀ mí kí n má ba òun lórúkọ jẹ́. Mo ṣàlàyé títí, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Kí ni n bá ṣe? Mo tún jókòó. Oúnjẹ ń bá mi lórí àga, omi ìwẹ̀ ń bá mi níbẹ̀. Ìtọ́jú ni wọ́n fi ń pa mí, ọ̀rẹ́ mi. Nísinsìnyí, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀, àfi kí n di ògiri mú. Ẹniolúwa pè mí lórí fóònù, n kò gbé e. Ojú ń tì mí.

Láńre wá lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì, kò tètè ṣeé ṣe. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Kí n tó mọ̀, ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó pọ̀n mí sẹ́yìn bí ọmọ jòjòló, ó gbé mi gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lọ sínú mọ́tò. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súre fún un pé ọmọ tirẹ̀ náà á gbé e. Mo ń sunkún, wọ́n ní ẹkún ayọ̀ ni.

Ó ní lẹ́yìn ìkórè òun á wá kó mi lọ s'Ékòó, sí ilé òun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí n kò ti ní ṣe nǹkan kan. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ ara mi: bí wọ́n bá pọ̀n mí gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, inú pósí ni wọn ó ti sọ̀ mí kalẹ̀. Mo ní n kò lọ, ó ní kí n má ṣe bí ọmọdé.

Ìwọ lo kọ́ ọ ní kíláàsì, ó sì ń bẹ̀rù rẹ títí dòní. Jọ̀wọ́, bá mi pè é. N kò rò pé yóò gbọ́. Bá mi kí Bàbá Ayọ̀mídé àti gbogbo ilé. Bọ́sẹ̀dé náà ní kí n kí ọ.

Bí kò bá gbọ́, nǹkan kan péré ni kí o bá mi tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wá kó mi, kó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi jáde nílé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Kó dúró síbi mọ́tò, kó má fọwọ́ kàn mí. Bó bá gbà mí ní gbogbo òwúrọ̀, kó dúró.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
Rachael Adéyẹyè.