Ìyàwó Kẹrin Ọba

Ilé Kẹta, Òpópónà Ọlọ,
Polgarrick,
Cornwall.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Loveday,

Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Òjò kò jẹ́ ká sá aṣọ níbí, ṣùgbọ́n ara mi le. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ti ń tẹ̀pá, irọ́ ni. Ajá aládùúgbò ni mo fi ọ̀pá náà ń lé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ Jenna, ọmọ mi, ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò fẹ́ yọjú sáàárín èèyàn mọ́. Àwọn ará ibí náà kì í béèrè. Ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n máa ń bá a sọ, wọ́n á sì máa wò ó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo sọ fún un títí pé bí wọ́n bá kọ̀ ni, a kì í kọ ara ẹni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ni, etí kò gbà á.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi lọ́jọ́ tí Tamsin, ọmọ rẹ̀, ti iléèwé dé. Wọ́n ń kọ́ wọn nípa Henry, ọba Gẹ̀ẹ́sì ayé ijọ́un, tó fẹ́ ìyàwó mẹ́fà. Wọ́n máa múra bí ará ìgbà náà, wọ́n á fi ṣeré lójú àwọn òbí. Nínú gbogbo ìyàwó, Anne ará Cleves ni wọ́n fún Tamsin, ìkẹrin, èyí tí ọba ní kó wá láti ilẹ̀ Jámánì, tó wá sọ pé kò wu òun, tó sì kọ̀ ọ́. Jenna ní òun kò ní lè wo ìyẹn.

Mo wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ tíṣà. Mo ní kí Mísì Pascoe pààrọ̀ rẹ̀, kó tilẹ̀ fún Tamsin ní ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tí ọba ní kí wọ́n bẹ́ lórí. Kò bínú. Ó po tíì fún mi, ó ní òun kò rántí ọ̀rọ̀ Jenna nígbà tí òun ń pín in, ó sì dun òun dénú. Tamsin ló kọ̀. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ n ṣe é. Ẹ ò tíì gbọ́ ìparí ẹ̀.” Mi ò mọ ibi tọ́mọ yẹn ti rí agídí.

Mo fa kọ́tìnì pupa pálọ̀ wálẹ̀, mo fi rán aṣọ ayaba fún un. Lọ́jọ́ kejì mo bá Jenna níbi tó ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ náà. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lọ́jọ́ eré, Jenna bá mi lọ, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Jago, ọmọ alápatà, ni ọba, wọ́n ki ìrọ̀rí sí i níkùn. Ó kù kó sọ pé ìyàwó yìí kò rẹwà, òun kò fẹ́ ẹ. Ọmọ náà wojú Tamsin. Ó yíjú sí tíṣà.

“Mísì, mi ò lè sọ ọ́ sí i.”

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé Jenna máa dìde lọ.

Tamsin gbé àgbọ̀n sókè. “Sọ ọ́ jàre, Jago. Ilé ńlá ni wọ́n máa fún mi, ìwọ lo sì máa kọ́kọ́ kú.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, tíṣà jẹ́rìí sí i. Ọba fún un nílé, ó fún un nílẹ̀, ó ní arábìnrin òun ni. Ọba kú tán, obìnrin náà ṣì ń jẹun.

Mo gbọ́ ẹ̀rín kan lẹ́yìn. N kò tètè mọ̀ ọ́n, ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ. Jenna ni, ó ń nu omi ojú.

Lẹ́yìn eré, nígbà tí wọ́n ń fọ ife tíì tí wọ́n fi ṣe wá lálejò, mo ní ká máa lọ. Jenna àti àwọn ìyá yòókù ti rì sínú ọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò. Ó ní, “Ẹ máa lọ ná, Mọ́mì.”

Èmi nìkan ni mo dá rìn délé, Loveday. Ọ̀nà náà dùn ún rìn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé, kó o sì fi òróró pa orúnkún yẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gba ìmọ̀ràn,
Morwenna.