Ìṣó Tó Gún Rédíétọ̀

Bahra, nítòsí Jẹ́dà, ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì

Wọ́n lé Àlàájì Múfú lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Èmi ni mo fà á.

Alùpùpù orí yìnyín tí wọ́n ń gùn nílé ìṣeré oníyìnyín ní Jẹ́dà ni wọ́n gbé padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń jò. Ìṣó tí wọ́n ń kàn mọ́ bẹ́líìtì rọ́bà tó fi ń rìn, kó má baà yọ̀, gùn jù, ó sì gún rédíétọ̀. Èmi ni mo kàn án.

Ọ̀gá bèèrè ẹni tó kàn án. Mo fi Lárúbáwá dáhùn pé Àlàájì ni. Bàbá náà ò gbọ́ Lárúbáwá. Ó ń fi iná lẹ ihò náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, ó bi mí pé, “Kí ni mo ṣe?”

“Wọ́n ní ẹ ti dàgbà jù, bàbá.”

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ fún mi. “Bá mi parí ẹ̀. Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́.”

Mo ṣàmín, mo wọ̀ ọ́. Ó ṣì gbóná.