Góòlù Tí A Kọ Ẹ̀yìn Sí

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́bọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi tí kì í ṣe ìyá kan ló bí wa,

"Báwo ni bọ́ọ̀lù náà ṣe wọlé?" Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ nìyẹn, òun náà ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. O ní ìwé ìròyìn ọ̀dọ̀ yín kò kọ ju iye góòlù lọ, pé Màmá fẹ́ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sọ ọ́ bí ẹni ń ya àwòrán, nítorí èmi ni mo wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní torí ìtìjú gbàgbé ìkíni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí tó kéré jù ti ń rìn láìdi etí tábìlì mú? Màmá wa ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Bá mi kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ tí o ní ó ń dà ọ́ láàmú, ṣé wọ́n ti gbé ọ sí ti ọ̀sán? Ní tèmi, ara le. Ilé ìtẹ̀wé ṣì ń kó ìwé àwọn ẹlòmíràn fún mi kí n máa bá wọn wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ náà rọrùn fún mi, nígbà tó jẹ́ pé àṣìṣe ẹlòmíràn ni.

O mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa kò rí góòlù gbá láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn le, àárín kò burú, aṣọ́lé wa a máa fò bí ológbò. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé iwájú, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà tó wá gbàgbé ẹni tí wọ́n fi rán an sí. Iwájú yẹn gan-an sì ni àbúrò rẹ wà. Ojú gbogbo wa wà lára rẹ̀, kì í sì í ṣe ojú rere.

Ibi tí a ti ń dá ẹjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù agẹrun tó wà nísàlẹ̀ ilé mi. Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, a ó péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Agẹrun á fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ya pápá sórí dígí ńlá rẹ̀, á tó àwọn agbábọ́ọ̀lù sí i ní kíkán, kíkán. Oníbàárà tó bá jókòó sórí àga á máa wo ojú ara rẹ̀ láàárín wọn, bí ẹni pé òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ mú wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo ń wí yìí, jórinjórin kan tí a ń pè ní Kóòṣì ló kọ́kọ́ dìde. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ó fi ìka nu ẹnì kan kúrò ní àárín, ó sì kán an sí iwájú.

"Ẹ jẹ́ ká fi méjì síwájú! Ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá a ṣe."

"Méjì kẹ̀?" ni agẹrun fi dá a lóhùn. "Ẹyọ kan ò rí bọ́ọ̀lù, o wá fẹ́ kí méjì jọ máa wá a kiri?"

Màmá Aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó máa ń gbé aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ wá bá wa, kò gbójú sókè kúrò lára abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ta ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ ọlọ́mọ gan-an? Ẹ̀ ń fi ebi pa á, ẹ tún ń bú u pé ó rù."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rán ṣòkòtò wa."

"Ṣòkòtò yín á dúró. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rán."

A rẹ́rìn-ín títí. Kóòṣì kò gbà. Ó ní ọmọ náà ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù ni, pé ńṣe ló máa ń na ẹsẹ̀ sí i bí ẹni ń wò ó bóyá omi ìwẹ̀ ti gbóná jù. A tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ tí o ń ka ìwé tí ojú fẹ́ẹ̀ fọ́, o ò ṣe sọ̀rọ̀? Kí ni ká ṣe fún un?"

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Gbogbo wọn dákẹ́ dè mí, ìdákẹ́jẹ́ náà sì dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní mo ti kà á níbì kan pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọn kò pariwo lé ọ̀gá wọn lórí. Bó bá ti ń kọjá, wọ́n á kàn kọ ẹ̀yìn sí i ni, títí ó fi tún inú rò. Mo ní bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, kí gbogbo àwa tí a ń jókòó lẹ́yìn góòlù kọ ẹ̀yìn sí pápá, kí a má yíjú padà àfi tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Bí kò bá rí ojú wa, á wá a." Bí àwàdà ni mo ṣe sọ ọ́, mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ kò tí ì gbẹ lórí dígí tí wọ́n fi gbà á.

Nígbà náà ni Màmá Aránṣọ wò mí nínú dígí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó jọ pé o mọ ọmọ yìí. Mo rí yín lọ́jọ́ kan tí ẹ jọ ń bọ̀, ó ń pè ọ́ ní bùọ̀dá."

Mo ní, "Ta ni wọn kì í pè ní bùọ̀dá, Màmá?"

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí o fi í lé lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí ìwọ àti Màmá ń lọ, tí o ní, "Bá mi máa fojú sí i lára." Mo ti bi ara mi léèrè títí: kí ni mo ń bẹ̀rù? Wọn kì bá tí lù mí. Wọn kì bá tí lé mi jáde. Bóyá wọn ì bá kàn dẹ́kun láti máa dákẹ́ dè mí ni. Nǹkan tí mo fi àbúrò rẹ gbà nìyẹn, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó di Sátidé. Agẹrun mú dígí ọwọ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Òun ni a fi ṣe olùṣọ́: bí a bá ti kọ ẹ̀yìn sí pápá, á gbé dígí sókè lójú ara rẹ̀, á máa wo ohun tó ń lọ lẹ́yìn wa, á sì kígbe pé "Ó ti lọ!" kí a tó yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yí síwá sẹ́yìn ní gbogbo ìdajì àkọ́kọ́. Ní gbogbo ìgbà tí a bá yí, àpá kan báyìí lẹ́yìn orí ọkùnrin tó wà níwájú mi ni mo máa ń wò. Mo mọ àpá yẹn dáadáa báyìí.

Ní ìdajì kejì, wọ́n gbá kọ́nà kan wá. Ẹnì kan ní, "Ó ti kàn án!" A kọ ẹ̀yìn. Mo gbọ́ ìró kan tó rọ̀, bí ìgbà tí ìrọ̀rí bá jábọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Oòrùn wọ inú dígí agẹrun, kò rí nǹkan kan, kò sì kígbe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró. Lójijì, ẹ̀gbẹ́ kejì pápá hó gèè. Mo rò pé àwa ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo yíjú, àbúrò rẹ ló dúró níwájú wa gan-an, ó na ọwọ́ méjèèjì, ẹrẹ̀ wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri ẹ̀yìn. Ó rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé nǹkan tó lè fọ́ sílẹ̀. Ó yí padà, ó sì rìn lọ sí àárín.

"Ta ló gbá a wọlé?" ni Kóòṣì ń bèèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ gbà mí o, ta ló gbá a wọlé?"

Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tí kò rí góòlù náà. Kóòṣì ní ẹsẹ̀ òsì ni, láti ọ̀nà jíjìn. Ẹlòmíràn ní orí ló fi kàn án. Agẹrun yà á sórí dígí pẹ̀lú ọfà mẹ́ta. Wọ́n wá fẹnu kò pé ẹ̀yìn wa ló ṣe é, pé oògùn iwájú ẹgbẹ́ wa ti jẹ́, a ó sì tún lò ó ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ń gbá mi léjìká.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ dé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ parọ́ fún ọ. Mo jókòó, mo sì gbá góòlù kan fún Màmá lórí ìwé: bó ṣe yí ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣọ́ ọ po, bí bọ́ọ̀lù ṣe tẹ̀ lójú òfuurufú. Mo kà á, ó dùn. Dídùn rẹ̀ ló tú mi fó. Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi láti mọ ẹni tí kò dé ibi tó ń ròyìn. Mo fà á ya.

Lánàá, bí mo ti kúrò níbi iṣẹ́, mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀. Ó ti fọ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó kó ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kó lè gbẹ, ó sì tò ó sójú fèrèsé. Ó fún mi ní àga kan ṣoṣo tó ní, òun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní Màmá fẹ́ mọ bí bọ́ọ̀lù náà ṣe wọlé.

"Ẹ ò rí i," ló wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"N kò rí i."

Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Eléyìí ni, Bùọ̀dá. Mo fẹ́ gbá a, ilẹ̀ yọ̀, mo ń ṣubú lọ ni bọ́ọ̀lù bà mí lórúnkún. Aṣọ́lé ti fò lọ síbòmíràn. Bọ́ọ̀lù náà kàn ń yí lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n fipá rán níṣẹ́, mo wà nílẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó wọlé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo dìde, mo sáré wá sọ́dọ̀ yín, torí mo mọ ibi tí ẹ máa ń jókòó. Ẹ̀yìn nìkan ni mo bá. Mo ń wo ẹ̀yìn lọ bẹ́ẹ̀, mo sì rí tiyín kí ẹ tó yíjú."

"Báwo lo ṣe dá a mọ̀ láàárín gbogbo wọn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ̀, Bùọ̀dá. Ṣebí orí ẹ̀yìn yẹn ni mo wà lọ sí ilé ìwé, ọdún tí ẹsẹ̀ mi kán."

Ìwọ náà rántí ọdún yẹn. Èmi àti ìwọ la jọ ń gbé e, ṣùgbọ́n ìwọ máa ń yára sọ pé ó rẹ̀ ọ́.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo dá a lábàá. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fa ìwé ìròyìn tó ti tutù jáde nínú bàtà, ó rún òmíràn, ó tì í bọ̀ ọ́. Ó wá ní, "Ẹ má sọ fún Màmá."

"Ti orúnkún?"

"Rárá o, ẹ sọ ti orúnkún. Wọ́n á rẹ́rìn-ín."

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Sátidé, Bùọ̀dá, ẹ bá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó sàn kí n má mọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn góòlù yẹn." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ì bá sàn fún mi bó bá bínú.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù agẹrun kọjá. Kóòṣì wà níbẹ̀, ó ń kán ọṣẹ. Mo ní, "Àbúrò mi ni ọmọ yẹn. Ẹ̀yìn mi ni mo fi gbé e dàgbà." Kóòṣì ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?" Màmá Aránṣọ fi eyín já òwú rẹ̀, kò wò mí. Agẹrun mú aṣọ, ó nu dígí náà mọ́, n kò sì mọ̀ bóyá tìtorí ọ̀rọ̀ mi ni tàbí tìtorí oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, ka ti orúnkún sí Màmá létí, kí o sì kà á jẹ́jẹ́, pàápàá ibi tí ó ti ń bẹ bọ́ọ̀lù. Ìyókù, tìrẹ ni. N kò ní kí o tètè dá mi lóhùn. Màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì bó ṣe fẹ́. Ibẹ̀ jìnnà sí góòlù, ṣùgbọ́n ojú mi ni màá kọ sí i.

Kí ìyàwó wa fún mi, kí o sì bá mi fọwọ́ pa orí àwọn ọmọ. Ilẹ̀ ti mọ́, ẹni àkọ́kọ́ ti ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Mo ti pa àtùpà tí o torí rẹ̀ sọ mí ní Alátùpà.

                                        Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀ bí o bá gbà,
                                        Alátùpà.