Bàbá Tí Kò Fọwọ́ Sí Irínwó Ìbọn: Ìgbésí Ayé Olóògbé Bonaventure Ṣóbándé (1919–1974)

Ẹbí Ṣóbándé ti Ìta-Ìjẹ̀bú ní agbègbè Sakété kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dúró ní Pobẹ̀ lónìí, ẹ kú ẹsẹ̀ rìn, ẹ kú ìbánikẹ́dùn. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Ti bàbá wa yàtọ̀ díẹ̀. Ojú ayé wọn náà ni àwọn kan ti ń yìn wọ́n, tí àwọn mìíràn sì ń bínú sí wọn, nítorí ohun kan náà gan-an. Ohun náà ni a fẹ́ rò fún yín, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ wá sin.

Ìta-Ìjẹ̀bú ni a ti bí Olóògbé Bonaventure Ṣóbándé ní ọdún 1919, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìrìbọmi wọn ti wí. Fádèyí Ṣóbándé, alágbẹ̀dẹ, ni bàbá tó bí wọn. Ẹ̀bùn, ọmọ àgbẹ̀ láti Aguidi, ni ìyá wọn. Láti ìran baba ńlá ni ilé wọn ti jẹ́ ilé àgbẹ̀dẹ. Ọkọ́, àdá àti ìbọn ọdẹ ni wọ́n ń rọ níbẹ̀, òfin kan sì wà lórí ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàpá sí: ẹni tó bá rọ ìbọn ni yóò kọ́kọ́ yìn ín, lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Èjìká ara rẹ̀ ni yóò gbé e lé. Bí ìbọn náà yóò bá bẹ́, kó bẹ́ mọ́ ẹni tó rọ ọ́, kó má bẹ́ mọ́ ọdẹ tó fi òógùn ojú rẹ̀ rà á. Ẹ̀tù ti dá àpá dúdú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Baba Fádèyí, ẹni tó bá sì ti rí àpá náà kì í ná ọjà pẹ́.

Ní ọdún 1928, wọ́n fi ọmọ náà sí ilé ìwé àwọn Fadá ní Sakété. Ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Bonaventure. Ìṣirò yé e bí ẹni mu omi. Orin ìjọ ni kò yé e títí tí ó fi kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1934 ó padà sídìí ewìrì bàbá rẹ̀, ó sì di ọ̀gá lórí irin kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún.

Ní ọdún 1943, ìjọba Faransé kó bàbá wa lọ sójú ogun. Wọ́n wà lára àwọn tí ọkọ̀ ojú omi já sí gúúsù ilẹ̀ Faransé ní ọdún kejì rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun rí i pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, iṣẹ́ títún ìbọn ṣe ni a fi fún wọn títí ogun fi parí. Ní ọdún 1946, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí ń ṣe ìbọn ní ìlú kékeré kan létí odò gbà wọ́n síṣẹ́. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí bàbá wa fúnra wọn kò dárúkọ rẹ̀ fún wa rí.

Àṣìṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀, a ṣì ń fi rẹ́rìn-ín nínú ilé títí di òní. A fún wọn ní ìbọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kí wọ́n gbé e lọ sí ibi ìkẹ́rùsí. Wọ́n béèrè ẹni tó rọ ọ́, a ní ọgọ́ta ènìyàn ni. Wọ́n béèrè ẹni tó fẹ́ rà á, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n wá béèrè ta ni ó ti yìn ín, ẹni tí wọ́n bi sì kàn ń wò wọ́n ni. Bàbá wa rò ó pé ọ̀rọ̀ ti kàn wọ́n nìyẹn. Wọ́n gbé ìbọn jáde síta, wọ́n ki ọta sí i, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n sì yìn ín sínú òkìtì iyanrìn tí àwọn bíríkìlà kó síbẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ dojú bolẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ méjì di bàbá wa mú. Mùsíyé Lambert, tó jẹ́ olórí àwọn tí ń yẹ ọ̀pá ìbọn wò, sáré dé, ó ní kí àlejò náà ṣàlàyé ara rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ òfin àgbẹ̀dẹ Ìta-Ìjẹ̀bú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ fi eléyìí sí."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bàbá wa lò lábẹ́ ọkùnrin yìí, ìyìn rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé a lè wọn irin dé ibi tí irun orí yóò ti dà bí òpó. Ilé-iṣẹ́ náà sì ń dàgbà lójú wọn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, òṣìṣẹ́ kò tó igba. Nígbà tí ogun tí Faransé ń jà ní Indoṣíìnì gbóná, wọ́n di ẹgbẹ̀rin; nígbà tí ti Àlùjéríà tún dé, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Ilé ìwé tuntun dé, ilé ìwòsàn dé, ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì kọ́ ààrò kejì. Bí àdéhùn ìparí ogun bá sì ti fẹ́ wà, ààrò kejì á tutù, àwọn ìyàwó ilé á sì máa ra búrẹ́dì láwìn. Bàbá wa máa ń sọ fún wa pé, "Àwọn èèyàn ìlú yẹn ò níkà nínú rárá. Ṣùgbọ́n bí àlàáfíà bá ti pẹ́ jù, ebi a máa pa wọ́n." Ní ọdún 1960, tí àwa níhìn-ín ń jó ijó òmìnira, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gbé àwòrán ayé kọ́ sára ògiri, wọ́n sì ń gún àsíá kékeré mọ́ orílẹ̀-èdè tuntun kọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò ní ọmọ ogun. Ọmọ ogun yóò ra ìbọn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa ra ọta títí ayé. Àwọn ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́. Bàbá wa náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, kí wọ́n tó rántí pé Dáhòmì tiwa wà lára àwọn àsíá náà.

A ti fẹ́ gbàgbé ìgbéyàwó. Ní ọdún 1948, wọ́n wá sílé fún ìsinmi, wọ́n sì fẹ́ Màmá wa, Hortense, ọmọ ìyá elépo ní Pobẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé àwọn méjèèjì lọ, pẹ̀lú àpò gàrí méjì àti kẹ̀ǹgbẹ̀ epo kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Rébecca ní ọdún 1949, àti Aristide ní ọdún 1952. Victorine dé ní ọdún 1962, nígbà tí a ti padà sílé, òun sì ni kò jẹ́ kí àwọn tó kù gbàgbé pé òun nìkan ni ọmọ onílẹ̀.

Ní ọdún 1961 ni wọ́n padà dé. Ìjọba fi wọ́n sídìí ìkẹ́rùsí ìbọn kan ní Kútọnu. Iṣẹ́ wọn ni láti yẹ gbogbo ìbọn tó bá wọlé wò, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé ó dára. Láìsí ọwọ́ wọn, kò sí ẹni tí yóò sanwó fún ẹni tó kó o wá. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bá Màmá wa wọ ìjọ aláṣọ funfun tí a dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Wọ́n fẹ́ràn ìjọ náà dọ́kàn, àfi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá sùtánà wọn padà fún aránṣọ nítorí pé etí rẹ̀ kò gún.

Ní oṣù kẹta ọdún 1964, irínwó ìbọn dé láti ilé-iṣẹ́ tí bàbá wa ti kọ́ṣẹ́. Ìwé tó bá ẹrù náà wá sọ pé tuntun ni gbogbo wọn. Ẹni tó sì kó wọn wá ni Mùsíyé Lambert. Ogun Àlùjéríà ti parí, ilé-iṣẹ́ náà ń dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n sì ti sọ ọ̀gá tí ń yẹ ọ̀pá ìbọn wò di òǹtajà. Ayọ̀ ìpàdé náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tí bàbá wa ṣí àpótí àkọ́kọ́, inú wọn bàjẹ́. Wọ́n rí ibi tí a ti fi ayùn pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ tí a sì tẹ òmíràn lé e. Ìbọn tí a ti lò nínú ogun tó ti parí ni wọ́n, tí a kùn ní dúdú kó lè máa dán. Ọ̀pá wọn ti gbó.

Bàbá wa kò fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tó wà lórí wọn pè wọ́n, ó ní, "Bonaventure, papíyé tó bá ẹrù wá ti sọ pé tuntun ni. Sínyé é, fọwọ́ sí i, ká lọ jẹun." Bàbá wa ní àwọn kò lè ṣe é. Ọ̀gá náà fún wọn di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ní bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n máa wá iṣẹ́ mìíràn. Ilé tí a ń kọ́ ní Pobẹ̀ kò tíì ní òrùlé nígbà náà, ọmọ méjì sì wà ní ilé ìwé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Mùsíyé Lambert wá kí wa. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun kò ṣí àpótí náà wò, ìwé ni a fún òun. Ó ní bí ọjà náà kò bá tà, a ó lé òun, owó ìfẹ̀yìntì ogójì ọdún yóò sì lọ. "Ọmọ mi," bó ti wí nìyẹn, "ọdún méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì." Òun ló kọ́ bàbá wa níṣẹ́. Òun ló sanwó ilé ìwòsàn nígbà tí Aristide fẹ́ kú nínú òtútù. Nígbà tó lọ tán, bàbá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń sunkún. Màmá wa jókòó tì wọ́n.

"Bàbá Rébecca, ṣé ẹ lè gbé ọ̀kan nínú rẹ̀ lé èjìká yín?"

"Rárá."

"Ẹ má sínyé é nígbà náà. Epo ò tíì tán ní Pobẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo àwọn ọ̀gá pé sí ẹ̀yìn ìkẹ́rùsí, bàbá wa kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Wọ́n kàn sọ pé ní ilé àwọn, ẹni tó bá rọ ìbọn tà ló ń kọ́kọ́ yìn ín, nítorí náà kí Mùsíyé Lambert mú èyí tó bá wù ú nínú irínwó. Ọkùnrin náà mú ọ̀kan. Ó ṣí i, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kọjú sí oòrùn, ó fi ojú kan wò ó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wo òmíràn, ó tún wo ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ó ní, "Èmi ò ní yìn ín. Kí ẹnikẹ́ni má yìn ín."

Ọ̀gá kan tí kò gbàgbọ́ ní kí a so ìbọn náà mọ́ ìdí igi, kí a fi okùn fa ìfà rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbà àkọ́kọ́, ó yìn. Ìgbà kejì, ó yìn, ọ̀gá náà sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹta, ó bẹ́. Irin tó wà níbi tí ojú ènìyàn ì bá wà fò kúrò, ó sì wọ ara ògiri. Kò sí ẹni tó tún mẹ́nu ba papíyé mọ́. Ọkọ̀ tó gbé ìbọn wá ló gbé e padà.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí ọdún náà tó parí, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá wa, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀. A gba ti Mùsíyé Lambert náà. Ó kọ lẹ́tà sí bàbá wa lọ́dún kejì, ó ní òun ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ilé òun, òun sì ń sùn dáadáa. Bàbá wa padà sí Pobẹ̀ pẹ̀lú ilé tí kò lórùlé. Wọ́n dá àgbẹ̀dẹ sílẹ̀, wọ́n ń ṣe irin tí a fi ń fún epo, wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ tí ń fọ́ èkùrọ́ ṣe fún gbogbo ilẹ̀ Pobẹ̀ àti Sakété. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́tàdínlógún kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń wọn irin, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ọ̀gá wọn yìn wọ́n rí. Bàbá wa kò mọ bí a ti ń yin ènìyàn lójú rẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ bá dára, wọn yóò kàn gbé òmíràn lé ọ lọ́wọ́.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ọdún 1974, lẹ́ni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta, wọ́n sùn nínú Olúwa. Ó dùn wá púpọ̀; a rò pé a ṣì ní wọn fún ogún ọdún sí i. Wọ́n fi Màmá wa Hortense sílẹ̀, àti àwọn ọmọ mẹ́ta, Rébecca, Aristide àti Victorine, àti àwọn ọmọ-ọmọ méjì, Félicité àti Láyọ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n fi sílẹ̀ tí a kò lè kọ orúkọ wọn. Irínwó ọkùnrin ni ì bá gbé àwọn ìbọn yẹn lé èjìká, a kò mọ ẹyọ kan nínú wọn, bàbá wa náà kò mọ̀ wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà láàárín yín lónìí, tó ń fi ojú rẹ̀ méjèèjì ka ìwé yìí, ẹbí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Kó sáà bá wa sọ ọ́: Bonaventure ọmọ Fádèyí, ilẹ̀ á dẹ̀ fún ọ, sùn re o.