Ọgbà Tí Bàṣírátù Fẹ́ Lọ Ro

Bàṣírátù, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ, naissance tí o ní kí n fi ránṣẹ́, ó ṣì wà nínú àpótí mi. Èmi ni n kò fi í ránṣẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún kò ní jẹ́ n sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó kí ọ.

Ó wá tó ọjọ́ mẹ́ta o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Komah, ní Sokodé lọ́hùn-ún? Ṣé onílé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Allah á máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó, á máa ṣọ́ ọ ní ìrìn. Bàbá rẹ wà, ìbàdí ló ń dùn wọ́n. Òjò pẹ́ kó tó dé, àgbàdo ti pọ́n lójú kó tó yọ ọmọ. Bìlálì ẹ̀gbọ́n rẹ kọjá sí ìhà Bẹ̀nẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀, a kò gbúròó rẹ̀. Ìwọ nìkan ló kù tí mò ń wò.

Rìdwánù tó ń kó àgbàdo lọ sí Sokodé ló fi ìwé tí o yà ní fọ́tò hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí n fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́ títí lẹ́tà fi tóbi. O ní iṣẹ́ ìjọba mẹ́ta ló wà jákèjádò Tógò fún ẹni tó fẹ́ràn ọmọ kéékèèké, kí n bá ọ yàn nínú wọn. Àkọ́kọ́, jardinière d'enfants. Bàṣírátù! Ṣé o gbàgbé pé mo kàwé dé kíláàsì troisième ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Tchamba ni? Jardin, ọgbà ni. Jardinière, obìnrin tó ń ro ọgbà ni. Nítorí kí ọwọ́ rẹ má baà mọ ọkọ́ ni bàbá rẹ ṣe ń ta iṣu lọ́dọọdún títí o fi gba ìwé-ẹ̀rí BAC, ìwọ wá fẹ́ lọ máa roko ìjọba! Àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tí o ní wàá máa kọ́ lórin, tí wọn kò tíì tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ṣé àwọn ni yóò máa bá ọ kọ ebè? Kambolé níbí pàápàá, a kì í gbé ọkọ́ fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta.

Ìkejì, directrice, olórí àwọn aroko nìyẹn. Ìkẹta, inspectrice, ẹni tí yóò máa ti Lomé dé Dapaong, tí yóò máa bẹ ọgbà wò. Bàbá rẹ ní ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti ń bẹ ebè wò láràárọ̀, kò sẹ́ni tó fún àwọn lóyè. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo tún sunkún. Wọ́n kúkú ti ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́ kékeré kan fún ọ, wọ́n fi igi gígùn sí i kí ìbàdí tìrẹ má baà dà bíi tiwọn. Ó wà nínú àpò iṣu tí Rìdwánù ń gbé bọ̀.

Ìlà ìsàlẹ̀ ìwé náà ló wá pa mí tán: Clôture, vendredi. Clôture, ọgbà náà ni, èyí tí à ń fi igi ṣe kí ewúrẹ́ má wọlé. Àṣé ọgbà ìjọba yìí kò tíì lọ́gbà, ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é! Rìdwánù ní rárá o, Ìyá Bàṣírá, ó ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ni ìjọba kò ní gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, pé ẹni tí naissance rẹ̀ kò bá tíì dé, ó di ọdún mìíràn. Mo bi í pé kíláàsì wo ló kà dé. Ó ní CM2, ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lásán. Mo ní kó lọ máa di àgbàdo rẹ̀.

Oògùn ìbàdí bàbá rẹ ti tán. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán Rìdwánù. Má fi í sínú fóònù bàbá rẹ mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo gbé fóònù náà wò, kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Allah kò ní jẹ́ kí o kàwé tán kí o tún padà sídìí ebè. Ọ̀nà rẹ á là, ojú kò ní tì wá lórí rẹ. Àmín.

Àtàláátà la wà lónìí, lẹ́tà yìí á dé ọwọ́ rẹ lọ́la. Mo ti rò ó: jẹ́ kí ìjọba ṣe ọgbà wọn tán lọ́jọ́ Jímọ̀ ná. Tó bá di Àbámẹ́ta, lọ fi ojú ara rẹ wò ó. Bí o bá rí i pé ó lágbára, tí ẹran kò lè wọlé bá àwọn ọmọ náà, n ó gbà fún ọ, ọjọ́ náà gan-an ni n ó yọ naissance rẹ fún Rìdwánù. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó kọ̀wé sí mi.

Èmi ìyá rẹ,
Kúbúrá