Ọjọ́ Ọ̀wẹ̀ Yín Tí Mo Fi Eré Mọ́tò Dí

Èmi Mọ́rúfù, tí mo ń bá èèyàn kọ lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà ọjà Ajángbàdì, ni mo kọ èyí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ àgbàlagbà, ọmọ àgbẹ̀ ní Ìbà. Kò kàwé. Ó ní bàbá òun tó ti kú lòun fẹ́ kọ̀wé sí. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní kí n máa kọ, pé òun ò wá gba ìmọ̀ràn. Ó mú ọkùnrin méjì dání, ó ní kí wọ́n jókòó títí òun á fi parí. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Bàbá mi àtàtà,

Èmi ni. Ara mi le, àyàfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń dún tí mo bá dìde. Àbúrò mi Rábì ń kí yín, ó ti di ìyá ìyàwó. Títì tó gba ẹ̀yìn ilé wa ti dúdú báyìí, wọ́n ti da ọ̀dà sí i, bọ́ọ̀sì ń gbabẹ̀ lọ sí Ọ̀jọ́. Tí ẹ bá wá, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ti máa ń yà wọ oko mọ́.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò gbọ́dọ̀ dín. Mo rántí pé ẹ kì í jẹ orí ẹja. Ẹ máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fún mi, kódà nígbà tí èmi náà ti ní ọmọ ọmọ. Irú nǹkan báyìí ló ń jẹ́ kó ṣòro láti sọ ohun tí mo wá sọ.

Ọ̀rọ̀ eré mọ́tò ni.

Ẹ mọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sá eré náà. Àwọn mẹkáníìkì Òkòkòmáíkò ló dá a sílẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò l'Álàbà wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn, fàájì ni. Tó bá di Sátidé, wọ́n á kó Dátsùn àti mọ́tò Ìjàpá àti Pijó wọn wá sórí títì tuntun tí wọ́n là tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, wọ́n á máa sáré lọ, wọ́n á máa sáré bọ̀, eruku pupa á bo gbogbo Ìbà. Orí ilẹ̀ wa tó wà létí títì ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ìyẹn ni wọ́n ṣe mọ̀ mí. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ ọjọ́ ìlú tí á máa bá àwọn yan Sátidé, torí wọ́n ti pàdé àwọn tó ń gbé òkú lọ sin lórí títì náà rí, ojú sì tì wọ́n.

Mo gbà. N ò kàwé, àmọ́ mo mọ ọjọ́. Mo fi èédú fa ilà sára ògiri ẹ̀yìn ilé, ilà kan fún Sátidé kan. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé gbálẹ̀, mo fa ilà míì dábùú rẹ̀. Èyí tó bá bọ́ sọ́jọ́ ọjà, tí àwọn obìnrin á ru ẹrù gba ọ̀nà náà, mo dábùú ẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìpàdé ẹbí, bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọjọ́ eré. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Kàlẹ́ńdà. Ọkùnrin tó ní mọ́tò mẹ́ta á bọ́ sílẹ̀, á dọ̀bálẹ̀: "Bàbá Kàlẹ́ńdà, ọjọ́ wo lẹ fún wa?" Bàbá, orí mi wú. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sí olówó kan tó bi mí léèrè nǹkan rí.

Èmi náà ni mo dá iye owó ìwọlé tí awakọ̀ á san. Bí ẹ ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ègùn tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa ni mo ṣe wò ó: ẹni tó ń ro oko ńlá àti ẹni tó ń ro kékeré ò lè san iye kan náà. Ìjàpá san náírà mẹ́wàá, mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tóbi san ogún. Wọ́n yìn mí. Àmọ́ ẹ̀yin, ẹ̀yìn ìkórè lẹ ti ń gbà á. Tí òjò bá ba oko èèyàn jẹ́, ẹ ò ní gbà. Èmi gba tèmi ṣáájú, mo sì ní kò sí pé mo ń dá a padà.

Lọ́dún yẹn òjò tètè dé. Ó ba Sátidé kìíní jẹ́, mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀. Ó ba ìkejì jẹ́. Àwọn tó ti sanwó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀gá Túnjí, alága wọn, Ìjẹ̀bú tẹ́nu ẹ̀ mú bí abẹ, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo wọn: "Bàbá Kàlẹ́ńdà, ṣé àwa lẹ ń bá ṣẹgbẹ́ ni àbí òjò? Torí òjò ò san kọ́bọ̀, òun ló ń jẹ gbogbo Sátidé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní Sátidé tó ń bọ̀ dájú, pé kò sí nǹkan kan lára ògiri lọ́jọ́ náà.

Lóòótọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ayé ni mo fà síbẹ̀, n ò fa tiyín. Ẹ ti sọ fún mi láti oṣù tó ṣáájú pé Sátidé yẹn lẹ fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀, kí àwọn ọkùnrin àdúgbò wá bá yín kọ ebè ẹ̀gẹ́, torí ẹ̀yìn yín ò gbé e mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò pé ọjọ́ ilé ẹni ò nílò àmì.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tó rántí, nígbà tí mo rí Rábì tó ń ṣa ẹ̀wà, ẹkún abọ́ ńlá mẹ́ta. Mo bi í pé ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí. Ó wò mí. "Àwọn ọlọ́wẹ̀ Bàbá ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin Bàbá Kàlẹ́ńdà."

Mo ṣì lè wá bá yín lọ́jọ́ náà. Ǹ bá dọ̀bálẹ̀, ǹ bá ní mo ti ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ bá sún ọ̀wẹ̀ yín síwájú, torí ẹ kì í le tí wọ́n bá ti bẹ̀ yín. Tàbí kí n lọ bá Ọ̀gá Túnjí. Ẹ̀rín wọn ni mo ń gbọ́ létí. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó yẹ kó wá kọ ebè yín náà ni wọ́n máa ń di okùn mú létí títì, tí wọ́n ń ju aṣọ pupa kí ewúrẹ́ àtọmọdé má bàa kó sẹ́nu mọ́tò. Láìsí wọn, kò sí eré. Nírọ̀lẹ́ Fúráìdé mo lọ bá Làmídì bíríkìlà, tó jẹ́ olórí wọn. Mo ní ara yín ò yá, pé ẹ ní kí wọ́n dúró ná, ẹ máa pè wọ́n. Ó ní kí n bá òun kí yín. N ò kí yín.

Òjò ò rọ̀. Eré dùn. Ọ̀gá Túnjí gbé ọwọ́ mi sókè. Oko yín wà nísàlẹ̀ lápá odò, igbó ò jẹ́ kí ẹ rí wa, àmọ́ ẹ ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Rábì sọ pé ẹ jókòó sórí ìtí igi títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹ ní kó má tíì bu oúnjẹ, pé wọ́n lè máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ mú ọkọ́, ẹ dá kọ ebè méje. Mo lọ kà á lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku lórí, ẹ wò mí.

"Ṣé eré yín dùn?"

"Ó dùn, Bàbá."

"Ó dáa."

Ẹ gbé orí ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ṣé ẹ ti fura ni? Tí ẹ bá ti fura, ṣé èmi lẹ ń dúró dè?

Látìgbà náà ẹ ò lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Làmídì ń kọ́lé, tó pe àdúgbò kí wọ́n wá bá òun da búlọ́ọ̀kù, ẹ ò kúrò ní yàrá. Ó wá kí yín, ẹ dáhùn láti inú ilé. Òun rò pé ẹ ń bínú sóun torí eré mọ́tò. Ẹ̀yin rò pé ó kọ̀ yín sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà láàárín yín, mo sì ń bá ẹ̀yin méjèèjì jẹun.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà lẹ dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ẹ bi mí, ohùn yín ti tín-ín-rín: "Kí ni mo ṣe fún àwọn ọmọ yẹn? Ta ni n ò bá kọ ebè nínú bàbá wọn?"

Òótọ́ ti dé ọ̀fun mi. Mo ní, "Bàbá, ayé ló yí padà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọ̀wẹ̀ mọ́."

Ẹ mi orí, ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ gbà mí gbọ́, Bàbá. Ìyẹn ló burú jù. Irọ́ tí mo pa fún Làmídì, mo pa á torí eré. Èyí tí mo pa fún yín, torí ara mi nìkan ni, ẹ sì gbé e wọ ilẹ̀ lọ.

Àwọn tí ẹ rò pé wọ́n kọ̀ yín ló gbẹ́ sàréè yín. N ò sọ. Wọ́n da ọ̀dà sí títì, ẹgbẹ́ tú ká, kò sẹ́ni tó pè mí ní Kàlẹ́ńdà mọ́. N ò sọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ nílé Sùbérù tó ń lẹ táyà l'Ókòkòmáíkò; òun náà wà lára àwọn ọlọ́wẹ̀ yín. Wọ́n dárúkọ yín. Làmídì ní, "Bàbá yẹn, èèyàn rere ni wọ́n. Wọ́n kàn máa ń yan èèyàn lódì ni." Ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò yan ẹnikẹ́ni lódì rí. Irọ́ mi ló fún yín lórúkọ yẹn, mo sì ń bá wọn fi ṣẹ̀rín.

Ìdí tí mo ṣe mú Làmídì àti Sùbérù wá síbí nìyẹn. Wọ́n jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. N ò tíì bojú wẹ̀yìn. N ò bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tí ò lè sọ pé òun ò gbà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọn ò kọ̀ yín. Èmi ni mo dá wọn dúró.

Ẹ sùn jẹ́ẹ́, Bàbá mi.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tójú ń tì.

Àmì ọwọ́ rẹ̀: X

Ẹlẹ́rìí kìíní: Sùbérù, tó ń lẹ táyà l'Ókòkòmáíkò. Ó tẹ̀ka.

Ẹlẹ́rìí kejì: Làmídì, bíríkìlà ní Ìbà. Kó tó tẹ̀ka, ó ní kí n kọ èyí kún un: pé kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Ó ní àárọ̀ Sátidé ni ọkùnrin yìí pàdé àwọn lọ́nà, àwọn mẹ́rìnlá, ọkọ́ wà léjìká kálukú, àwọn sì ti ń wo oko bàbá náà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi ẹni tó ni lẹ́tà bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, kí n má pa tòkè rẹ́, kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí bàbá òun rí méjèèjì. Làmídì wá tẹ̀ka.