Ìdí Tí A Kò Fi Dé Padova Lọ́jọ́ Ìsinmi

Torino,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìparí oṣù kẹsàn-án.

Mọ́yọ̀ọ̀lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù tó ti ń yọjú. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú tí o bá ti dúró pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ti fúyẹ́? Àdúrà mi ni pé kí Olúwa tó fún ọ ní iṣẹ́ náà fún ọ ní eegun tí o máa fi ṣe é. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, ara wa sì yá ju ìgbà tí a kúrò nílé lọ.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O se oúnjẹ dè wá ní Padova lọ́jọ́ Ìsinmi, o ra ẹran ewúrẹ́, ò ń yọjú lójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi ṣú, o kò rí wa, o pè wá, fóònù wa kò lọ. Èmi Kọ́lápọ̀ Àyàndélé kò pẹ́ dé ibì kankan rí. Gbogbo ọjà Porta Palazzo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní aago méje, aago méje kò ní tíì lù tí màá ti ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà ni mo ṣe fọwọ́ ara mi kọ èyí sí ọ. Lórí fóònù, o máa já lu ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú Italiano, èmi náà á pariwo, a ò ní gbọ́ ara wa. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi lọ sóko, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi ju yunifásítì àwọn kan lọ. Kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó bínú.

Nígbà tí o sọ fún wa pé o ti sanwó ilé ìtura àti ọgbà àjàrà sílẹ̀, pé kí èmi àti ìyá rẹ lọ máa tọ́ wáìnì wò káàkiri orí òkè nítorí àyájọ́ ìgbéyàwó wa, mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ irú ìjọ tí à ń lọ. Mo yára pe Pásítọ̀ Olújùwọ́n kí ẹlòmíì tó bá mi pè é. Wọ́n ní, "Alàgbà, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ má mu ún." Mo ní kí ni ìyàtọ̀? Wọ́n ní, "Ẹni tó tọ́ nǹkan wò ṣì lè wa mọ́tò." Bí a ṣe gbéra nìyẹn.

Ohun tí o kò mọ̀ rèé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí autostrada, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí apá Cuneo, nígbà tí ìyá rẹ pa rédíò. Ó ní, "Bàbá Mọ́yọ̀, tí Kérésì bá ku díẹ̀, mò ń lọ sílé, sí Ìpetumodù. Mi ò sì mọ̀ bóyá màá padà wá." Mo ní ta ló ṣẹ̀ ọ́? Ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Ó ní, "Àwọn ọmọ ti lọ, èmi nìkan ni mò ń gbé ilé yẹn. Ẹ̀yin náà ń sùn níbẹ̀ ni, ẹ kì í gbé ibẹ̀. Tí ẹ bá jókòó báyìí, ẹsẹ̀ yín á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ Mọ́yọ̀, ẹ jókòó tì mí. Kí ẹ jókòó gan-an. Tí ẹ bá lè ṣe é, màá tún ọ̀rọ̀ náà rò. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ má bá mi jà lọ́jọ́ tí mo bá ń di ẹrù mi." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ìjókòó yìí náà ni, ìjókòó tí ọmọ oṣù mẹ́fà ń ṣe? Ó ní, "Ó dáa, a ó rí i."

Ọmọ mi, o mọ ẹni tí mo jẹ́. Bàgì kan àti bàtà tó ti lu ni mo gbé wọ ìlú yìí. Mo ká ápù ní Cuneo, mo gbé ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Alessandria títí èjìká mi fi bó. Lónìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ jẹ iṣu gidi ní gbogbo Piemonte tí kò ní gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Àwọn tó ń pè mí ní "lo zio" tẹ́lẹ̀, bí ẹni ń pe bọ̀ọ̀dá àdúgbò, Signor Ayandele ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ìjókòó kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìwọ náà, láti kékeré lo ti máa ń fa ṣẹ́ẹ̀tì mi, "Papà, siediti," pé kí n jókòó, èmi á sì sọ fún ọ pé tí mo bá jókòó, ta ni yóò ra bàtà fún ọ?

Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ rèé. Àwo wọn fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, oúnjẹ àárín rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo ní ṣé kí a fi wò ó ni àbí kí a jẹ ẹ́? Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, inú mi dùn. Àfi bí Boaz tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù Torino fún mi ṣe pè, pé àwọn aṣọ́bodè dogana dá kọ̀ǹténà wa dúró ní Genova. Ta ló lè gbọ́ irú ìyẹn kó jókòó? Mo jáde sí gbangba, mo bá eléyìí sọ̀rọ̀, mo bá tọ̀hún sọ̀rọ̀, mo sì yanjú rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí mo dáwọ́ lé tí kì í yanjú. Ìgbà tí mo máa fi wọlé, wọ́n ti kó àwo lọ. Ìyá rẹ ti nu ẹnu, ó ti ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ń wo àga mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o," bí ẹni ń kí àlejò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú wa lọ sí ọgbà àjàrà kan ní orí òkè. Àsìkò ìkórè ni, àjàrà dúdú ń wọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí a bọ́ sí cantina, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àgbá wáìnì sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó ń to agbọ̀n àjàrà sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń tò ó ní ìtòkutò. Èmi tí mo ti to ẹrù fún odindi Alessandria! Mo sọ fún ìyá rẹ pé mò ń bọ̀. Mo ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, Irewọlédé, ọmọ Ìwó, ní, "Bàbá, ṣé wọ́n gbà yín síṣẹ́ ni?" Mo ní rárá, ọmọ mi ló sanwó kí n wá sinmi. Ó ní, "Wọ́n sanwó fún yín, ẹ̀yin náà lẹ tún ń gbẹrù? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí padrone, ọ̀gá wa, gbọ́!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ̀ yẹn kún lọ́nà tí ẹyin kò ní fọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti lọ sí abẹ́ ilẹ̀ nìkan, ó sì ti jáde. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi tó ti di aró. Kò bá mi jà, ì bá sàn kó bá mi jà.

Kí a tó jẹun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tó ń bá àbúrò rẹ̀ Tinúkẹ́ tó wà ní Ìpetumodù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nílé ìtura. Ó ní, "Bá mi kun yàrá iwájú yẹn ní ọ̀dà. Má wulẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì ńlá. Èyí tó gba ẹnì kan ti tó." Mọ́yọ̀ọ̀lá, gbólóhùn yẹn gún mi láyà. Mo jáde, mo yí ilé yẹn ká, mo tún yí i ká, títí ajá wọn fi ń tẹ̀lé mi. Mo ní kí n wọlé lọ bá a sọ̀rọ̀. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi á tún yà. Gbogbo owó tí mo ní kò lè bá mi sọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi wá dé. Ó ku ọgbà kan péré, lẹ́bàá Alessandria, kí a tó máa bọ̀ ní Padova. Èrò mi ni pé kí a yà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí a máa lọ. Lorenzo ni orúkọ ọkùnrin tó ni ín. Ó fi wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ó bu wáìnì pupa, ó ní a kò tíì lè fẹnu kàn án o, àfi kó kọ́kọ́ mí. Mo ní kí ni yóò mí? Ó ní wáìnì náà ni. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì, mo dìde dúró, mò ń retí kí wáìnì mí tán. Àwọn òyìnbó mìíràn tó wà níbẹ̀ ń bu tiwọn sẹ́nu, wọ́n ń tu ú dànù sínú korobá. Ohun tí ẹni tó gbà ọ́ lálejò bù fún ọ, lójú rẹ̀!

Ìyá rẹ kò tu nǹkan kan. Ó mú ife, ó kán wáìnì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó lá a, bó ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò gẹ́lẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí i. Lorenzo ní, "Signora?" Ìyá rẹ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ nǹkan wò nílé tòun nìyẹn. Ó pa ojú dé. Nígbà tó là á, ó ní, "Àgbálùmọ̀."

Mo ní kí ló kan àgbálùmọ̀? Ó ní, "Ó kan, ó wá dùn lẹ́yìn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ètè. Èyí tó wà nílé bàbá mi gan-an. Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ṣé o rántí yàrá kan ṣoṣo tí a bí ọ sí, lẹ́yìn Porta Nuova? O kò lè rántí. Nígbà yẹn, ọbẹ̀ kì í jinná kí ìyá rẹ má gbé ṣíbí wá bá mi, á kán an sí mi lọ́wọ́, á ní, "Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?" Bí ó tilẹ̀ tó, màá ní kò tó, kó lè tún padà wá. Mi ò lè sọ ìgbà tí mo nawọ́ kẹ́yìn. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọ̀kan, fóònù wà nínú èkejì. Mo kó wọn sórí tábìlì. Mo jókòó. Mo nawọ́.

Àgbálùmọ̀ ni, ọmọ mi. Mi ò parọ́ fún ọ. Ó fa eyín mi bí èyí tí kò tíì pọ́n dénú. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ igi yẹn, bí mo ṣe gùn ún lọ́sàn-án gangan láti ká a fún un, bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé àga sí ìdí igi, tó jókòó, tó ń dúró kí n sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó Lorenzo gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì wá. Èmi kò sọ pé ó rọrùn o. Ẹsẹ̀ mi tún ti yà sí ọ̀nà mọ́tò lábẹ́ tábìlì, ìyá rẹ gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. Mo yọ́ aago wò, ó rí mi, mo bọ́ aago náà sínú àpò. Fóònù bá dún. Boaz tún ni. Kí n tó nawọ́, ìyá rẹ ti gbé e.

Ó ní, "Boaz, ó jókòó."

Mo ń gbọ́ ohùn Boaz: "Ta ni, Mà?"

Ó ní, "Ọ̀gá yín. Mo ní ó jókòó." Ó pa á. Mo ní ó yẹ kí a pe Mọ́yọ̀ọ̀lá. Ó ní fóònù tòun kò níná mọ́, àti pé tí òun bá tún tan tèmi, gbogbo Torino ni yóò wọlé wá jókòó ti wa. Oòrùn lọ, a wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Lorenzo la sùn, àná la padà sí Torino. Ìdí tí o kò fi rí wa nìyẹn.

Kí a tó dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ní, "Màá ṣì lọ sílé o." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n màá ní kí Tinúkẹ́ wá bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀. A jọ ń lọ ni. Nínú bàálù, kò sí ibi tí ẹ máa sá gbà." A ó wà níbẹ̀ títí àgbálùmọ̀ yóò fi tán lórí igi, lẹ́yìn náà a ó jọ padà. Boaz ni yóò di ṣọ́ọ̀bù mú. Tó bá pè ọ́, tó ń wá mi, o ti mọ ohun tí o máa sọ fún un.

Fi ẹran ewúrẹ́ yẹn sínú fìríìjì. A ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, gbé àga tó dáa kalẹ̀ dè mí. Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ iṣẹ́. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò máa bá ọ tọ́ ọbẹ̀ wò, tí kò ní yára sọ pé iyọ̀ tó. Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú, ìwọ náà yóò dàgbà jù wọ́n lọ, nínú ìlera. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Kọ́lápọ̀ Àyàndélé,
ọkọ Àrínọlá.

Mo tún rántí: ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde níbi tí mo ti ń kọ ọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, òun ló pè mí sí kíṣìnì pé kí n mú ọwọ́ mi wá.